Ìsinmi nìkan kò lè gba ọkàn ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ là

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àìsàn kíndìnrín bá wọ inú ìwé ìròyìn, owó la sábà máa ń kà nípa rẹ̀: èló ni wọ́n ń gbà láti fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ (dialysis) lẹ́ẹ̀kan, ta ló ń tọrọ ìrànlọ́wọ́, ta ni ìjọba dá lóhùn. Owó náà ṣe kókó, a ó sì débẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í kà, òun ni àwa nọ́ọ̀sì àti physiotherapist (àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara) tó ń tọ́jú àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní agbègbè Badagry fẹ́ bá àwọn òǹkàwé yín sọ. Káàkiri àgbáyé, àìsàn ọkàn ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín ló ń gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ọkàn ló ń gbé wọn lọ. Síbẹ̀, ohun tí ẹbí àti aládùúgbò ń sọ fún wọn láti àárọ̀ dé alẹ́ ni pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjókòó yẹn ń ba ọkàn náà jẹ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣe ọkàn ọ̀hún. Iṣẹ́ kíndìnrín kọjá kí a tọ̀ lásán. Òun ló ń wọn omi àti iyọ̀ inú ara, òun ló ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú egungun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa, òun náà ló ń kó èròjà oúnjẹ bíi pọtásíọ̀mù àti fọ́sfétì tó pọ̀ jù dànù. Tó bá ti dáṣẹ́ sílẹ̀, omi àti iyọ̀ á máa kún inú iṣan ẹ̀jẹ̀ títí di ọjọ́ ẹ̀rọ. Ọkàn á wá máa ti ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ sínú iṣan tó ti gan bíi rọ́bà tí oòrùn ti pa, nítorí kálísíọ̀mù àti fọ́sfétì ti lẹ̀ mọ́ ara iṣan náà. Díẹ̀díẹ̀, ẹran ọkàn á nípọn. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé nínípọn yẹn dà bí apá ẹni tó ń gúnyán o. Ọkàn tó bá nípọn báyìí máa ń le, kì í ṣí dáadáa láti gba ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó bọ́ òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tó o mọ́. Ẹ wá fi àìtó ẹ̀jẹ̀ kún un, kí ẹ tún fi pọtásíọ̀mù kún un, èyí tó lè da lílù ọkàn rú láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń gba ẹ̀mí là náà ní ìnira tirẹ̀. Kíndìnrín tó pé ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n wákàtí 4 ni ẹ̀rọ ń ní, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ìyẹn fún ẹni tó bá rówó san. Omi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta gbọ́dọ̀ jáde láàrin wákàtí 4 yẹn. Àwọn ìwádìí ti fi hàn pé tí ẹ̀rọ bá ń fa omi tó ju mílílítà 13 lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan ara láàrin wákàtí kan, ewu ikú ń pọ̀ sí i. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ẹni tó wọn kílò 60, tó sì gbé kílò omi 3 wá, mílílítà 12.5 ló máa bọ́ sí: ó ṣì wà lábẹ́ 13. Tó bá gbé kílò 4 wá, ó ti di nǹkan bíi 17. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já lulẹ̀, pajápajá á mú ẹsẹ̀, apá kan nínú ẹran ọkàn á sì dákú fún ìgbà díẹ̀ torí pé ẹ̀jẹ̀ kò débẹ̀. Kò ní hàn síta. Ṣùgbọ́n tó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ibi tó ń dákú yẹn kò ní í jí tán mọ́.

Ní ti ẹsẹ̀ àti apá, ìyẹn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Àìsàn yìí ń jẹ ẹran ara. Nígbàkigbà tí wọ́n bá fọ ẹ̀jẹ̀, díẹ̀ nínú èròjà purotéènì máa ń bá omi ẹ̀rọ lọ. Ẹni tó bá wá ń sùn sórí ibùsùn wákàtí 4, tó tún lọ sílé lọ sùn, iṣan itan rẹ̀ á rọ, á wá di pé kó fọwọ́ ti àga kó tó lè dìde. Bí iṣan bá ṣe ń kéré sí i ni iṣẹ́ tó kéré jù lọ á ṣe máa wọ ọkàn lọ́rùn, tí ẹni náà á máa mí hẹlẹhẹlẹ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tó bá ń mí báyìí ni ará ilé á tún sọ pé, “Ṣé ẹ rí i? Ẹ lọ jókòó.”

A kò sọ èyí láti orí ara wa. Ní ìlú Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kí àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ máa wa pẹ́dà, bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, fún ìṣẹ́jú 30 lórí ibùsùn ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún oṣù 6. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021: ẹran ọkàn wọn tó ti nípọn fi nǹkan bíi gíráàmù 11 fúyẹ́ ju ti àwọn tí kò wà á lọ. Ní Ítálì, ìwádìí tó jáde ní 2017 kò lo ẹ̀rọ kankan rárá. Wọ́n kàn ní kí àwọn aláìsàn máa rìn nílé, ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ní ọjọ́ tí wọn kì í fọ ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 6, ibi tí wọ́n lè rìn dé láàrin ìṣẹ́jú 6 kúrò ní mítà 328, ó di 367. Ní Jámánì, ìwádìí tó ju ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn lọ, tó gba oṣù 12, jáde ní 2023: iye ìgbà tí wọ́n lè dìde lórí àga láàrin ìṣẹ́jú kan pọ̀ sí i, nígbà tí ti àwọn tó jókòó ń lọ sílẹ̀. Òótọ́ gbọ́dọ̀ pé: ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2021, kò rí i pé ìgbé ayé àwọn tó ṣe ìmárale dára ju ti àwọn yòókù lọ. Nínú ìyẹn, ọ̀pọ̀ ni kò ṣe tó iye ìgbà tí wọ́n ṣètò fún wọn. Ohun tí àwa rí kọ́ níbẹ̀ ni pé tí kò bá sí ẹni tó ń bójú tó o tọkàntọkàn, ìmárale inú ìwé kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ti orí ibùsùn ẹ̀rọ la máa fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì wà, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìfúnpá wà, aláìsàn kò sì ríbi lọ fún wákàtí 4. Wákàtí méjì àkọ́kọ́ ni kí wọ́n lò. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú 20 sí 30 ná, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fìdí múlẹ̀, kí ó tó fẹsẹ̀ kan pẹ́dà. Lẹ́yìn wákàtí kejì, omi tó ti jáde ti pọ̀, ìfúnpá sì lè já nígbàkigbà. Ìdí nìyẹn tí ìdárayá ìparí iṣẹ́ ẹ̀rọ fi léwu. Pẹ́dà kékeré tí wọ́n ń gbé sí ìsàlẹ̀ ibùsùn tó, kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ dáadáa kó má baà yọ̀. Aláìsàn á dùbúlẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, kò ní nà tọlọ, bàtà rẹ̀ á bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ pátá. Apá tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ mira rárá, ẹsẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 5 ti tó. Ìgbàkigbà tó bá tún padà wá, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un títí yóò fi dé 30. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tó bá ti dé 30, ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́ á jẹ́ wíwa fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ láìfi líle kankan sí pẹ́dà, 20 á jẹ́ iṣẹ́ gidi, 5 ìkẹyìn á tún padà sí fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Kí aláìsàn má dáwọ́ dúró lójijì, torí ẹ̀jẹ̀ tó ti sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ á jókòó síbẹ̀, òòyì á sì kọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì á máa wo ìfúnpá ní ìṣẹ́jú 10 sí 15. Tí nọ́ńbà òkè bá wá sí abẹ́ 100, tàbí tí aláìsàn bá ní ojú òun ń ṣókùnkùn, kí ó dáwọ́ dúró, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kí nọ́ọ̀sì sì dín omi tí ẹ̀rọ ń fà kù.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ náà tó, tí kò sì pọ̀ jù? Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fẹ́ ka lílù ọkàn. Kò ṣeé gbọ́kàn lé fún àwọn wọ̀nyí, torí oògùn bíi atenolol, bisoprolol àti carvedilol tí púpọ̀ nínú wọn ń lò kì í jẹ́ kí ọkàn sáré bó ti wù kí iṣẹ́ le tó. Òṣùwọ̀n tí àwa ń lò bẹ̀rẹ̀ láti 6 dé 20: 6 ni ìjókòó lásán, 20 ni iṣẹ́ tí ara kò lè gbà kọjá. Láàrin 12 sí 14 la fẹ́ kó wà. Tí kò bá sí ìwé òṣùwọ̀n náà, ẹnu ni ká fi wọ̀n ọ́: kí aláìsàn lè sọ gbólóhùn kan parí láìdúró mí, ṣùgbọ́n kó má lè kọrin. Tó bá lè kọrin, ó kéré. Tí ọ̀rọ̀ bá ń gé mọ́ ọn lẹ́nu, ó pọ̀ jù.

Ibi tí kò bá sí pẹ́dà, kí wọ́n má jókòó máa retí rẹ̀. Ẹ rán àpò aṣọ kékeré méjì, ẹ bu ìdajì kílò iyanrìn gbígbẹ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Kí aláìsàn gbé ẹsẹ̀ kan sókè láìtẹ orúnkún, kó kà dé mẹ́ta, kó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìgbà 8 sí 10 fún ẹsẹ̀ kan, kó sinmi ìṣẹ́jú kan, kó tún un ṣe. Kó máa mí síta nígbà tó bá ń gbé e sókè, kó má sé èémí mọ́ inú, torí ìséémí ń jẹ́ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fò sókè lójijì. Kó tún máa tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ síwájú, kó fà á sẹ́yìn, ìgbà 20. Ìyẹn ń ran ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti gòkè padà.

Oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ yàrá ẹ̀rọ, ìyàwó tàbí ọmọ á gbé ìrẹsì tàbí àmàlà wá ní wákàtí kejì, torí ebi ń pa aláìsàn. Oúnjẹ tó wúwo ń fa ẹ̀jẹ̀ lọ sí ikùn, ìfúnpá á sì já. Kó jẹun kó tó wá, tàbí kó jẹ ìpápánu kékeré. Kó má jẹun tán kó wá gun pẹ́dà.

Ní ọjọ́ tí kì í fọ ẹ̀jẹ̀, ìrìn ni baba gbogbo rẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀, 10 nírọ̀lẹ́. Ọlọ́run ṣe é, ilẹ̀ Badagry tẹ́jú. Ọ̀nà Marina tó gba etí ọ̀sà kọjá níwájú ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà dára gan-an fún èyí: kò ní òkè, afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fẹ́, ibi ìjókòó kò sì jìnnà. Iyanrìn etí òkun kò dára fún ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹsẹ̀ ń rì, agbára tó ń gbà sì ju ti ilẹ̀ líle lọ púpọ̀. Kó jáde kí oòrùn tó mú, bíi aago 7 àárọ̀, tàbí lẹ́yìn aago 5 ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe torí ìgbóná nìkan la ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Òùngbẹ ni. Ẹni tí oòrùn bá pa, omi ló máa mu, omi tó bá sì mu kò ní ọ̀nà àbájáde àfi ẹ̀rọ.

Ibi yìí ni ìmọ̀ràn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ti ń ṣi aláìsàn lọ́nà. Wọ́n á ní, “Ẹ ti ṣe eré ìdárayá, ẹ mu omi dáadáa.” Fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ pé, òótọ́ ni. Fún ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ìṣirò rẹ̀ yàtọ̀: ìtọ̀ tó ṣì ń tọ̀ lójúmọ́, tí a fi mílílítà 500 sí 750 kún un, ìyẹn ni gbogbo ohun olómi tó lè mu, ọbẹ̀, ẹ̀kọ mímu àti tíì wà nínú rẹ̀. Píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ ìdajì lítà, ìdajì lítà jẹ́ ìdajì kílò lórí òṣùwọ̀n. Ẹni tí kò tọ̀ mọ́, píọ̀ wọ́tà kan àti ààbọ̀ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ ọjọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Òógùn ìrìn ìṣẹ́jú 10 kò tó nǹkan tí à ń fi omi dí. Kó fi omi yọ ẹnu kó tu ú dànù, kó lá yìnyín kékeré kan, kó jẹ ègé ọsàn wẹ́wẹ́ tí dókítà bá gbà á láyè. Àti pé iyọ̀ ni ìyá òùngbẹ: iyọ̀ ọjọ́ kan kò gbọ́dọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ, mágí inú ọbẹ̀ àti iyọ̀ inú búrẹ́dì wà nínú rẹ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń tà pé kò ní sódíọ̀mù kò dára fún wọn rárá, torí pọtásíọ̀mù ni wọ́n fi rọ́pò.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé orí àgbọn. A mọ̀ pé àgbọn ni iyì Badagry, àlejò kan kì í dé kí a má gé e fún un. Omi àgbọn ife kan, ìyẹn nǹkan bíi mílílítà 240, ní mílígíráàmù pọtásíọ̀mù tó tó 600. Gbogbo ohun tí wọ́n sábà ń gba ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ láyè láti jẹ lójúmọ́ kò ju 2,000 sí 3,000 lọ. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ náà máa ń tú pọtásíọ̀mù sínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá mu omi àgbọn méjì lọ́jọ́ Sátidé, tó tún sá ọjọ́ ẹ̀rọ, tó wá jáde lọ rìn kíkankíkan lọ́jọ́ Àìkú, ó ti kó ohun mẹ́ta tó ń da ọkàn rú jọ sójú kan. Àgbọn ni kó fi sílẹ̀, kó má sì sá ẹ̀rọ; ìrìn kọ́ ló ṣẹ̀. Iṣu àti ẹ̀fọ́, kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, kí wọ́n da omi náà nù, púpọ̀ nínú pọtásíọ̀mù á bá a lọ.

Ohun kan tó ń dùn wá ni ọ̀rọ̀ ẹran àti ẹyin. Kí kíndìnrín tó dáṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, dókítà máa ń ní kí aláìsàn dín purotéènì kù, ó sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí fífọ ẹ̀jẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, òfin yẹn yí padà. Ara nílò gíráàmù purotéènì 1.0 sí 1.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹni kílò 60, gíráàmù 60 sí 72. Ẹyin kan ní nǹkan bíi 6. Ẹja sísè tó wọn gíráàmù 100 ní bíi 20. Ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń lo òfin àtijọ́ fún aláìsàn, wọ́n ń fún un ní ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ tí kò ní nǹkan nínú, á wá máa yà wọ́n lẹ́nu pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára. Ìmárale láìsí ẹja tàbí ẹyin kò lè mọ iṣan. Ẹja tútù ni kí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn apẹja, èyí tí wọ́n fi iyọ̀ pa lára kò dára.

Ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe nílé láìná kọ́bọ̀ ni dídìde lórí àga. Kí àga náà má ní táyà, kó fẹ̀yìn ti ògiri. Kó ká apá mọ́ àyà, kó dìde tán, kó tún jókòó jẹ́jẹ́ láìjábọ́. Ìgbà 5 lákọ̀ọ́kọ́, kó máa fi kún un títí dé 10, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹni tí kò bá lè dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan, kó fi ìrọ̀rí lé àga kó ga sí i. Kó tún fọwọ́ ti ògiri, kó gbé gìgísẹ̀ sókè, ìgbà 10.

Ní ti apá tí wọ́n ń gbà fọ ẹ̀jẹ̀, a ń gbọ́ pé kí ẹni tó ní fístúlà má lo apá náà rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fístúlà ni ibi tí oníṣẹ́ abẹ ti so iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì pọ̀ kí abẹ́rẹ́ lè ríbi wọlé. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ bá ti jiná tí oníṣẹ́ abẹ sì ti gbà bẹ́ẹ̀, fífún bọ́ọ̀lù rọ́bà mọ́ ọwọ́ ń ran iṣan náà lọ́wọ́ láti tóbi. Ohun tí apá náà kò fẹ́ ni pé kí wọ́n wọn ìfúnpá lára rẹ̀, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò lásán, kí wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi kọ́ ọ, kí wọ́n wọ ẹ̀gbà tó fún, kí wọ́n sùn lé e. Láràárọ̀, kó fi ìka kàn án: ó gbọ́dọ̀ máa gbọ̀n rìrì. Tí ìgbọ̀nrìrì náà bá dákẹ́, kó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kó má retí ọjọ́ ẹ̀rọ. Ẹni tí rọ́bà tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀rọ wà lọ́rùn rẹ̀ lè rìn, ó lè wa pẹ́dà, ṣùgbọ́n kó má lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà, kó má jẹ́ kí omi tàbí òógùn rin báńdéèjì. Ẹni tí rọ́bà wà níbi tí itan ti so mọ́ ikùn kò gbọ́dọ̀ wa pẹ́dà, kò sì gbọ́dọ̀ ṣe ti àga, torí rọ́bà náà lè ká tàbí kí ẹ̀jẹ̀ máa jò níbẹ̀.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣe é rárá. Ọjọ́ tí nọ́ńbà òkè ìfúnpá bá ju 180 lọ tàbí tí ti ìsàlẹ̀ ju 110 lọ. Ọjọ́ tí ó bá ti sá ẹ̀rọ kan. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ tàbí ojú bá wú ju ti tẹ́lẹ̀, tàbí tí kò lè sùn pẹrẹsẹ torí èémí. Ọjọ́ tí ara bá gbóná. Ọjọ́ tí àyà bá ń dùn ún, tàbí tí ọkàn bá ń fò tí kò lù déédéé. Fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ọjọ́ tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá ju 250 mg/dL lọ. Tó bá sì wà lábẹ́ 100, kó jẹ nǹkan kékeré ná. Tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (Hb, kì í ṣe PCV) kéré sí 8 g/dL, kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn. Ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀ ní láti ṣọ́ra ju gbogbo wọn lọ: kó ṣe ìmárale rẹ̀ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tó tẹ̀lé ẹ̀rọ, kó sì sinmi bí ọjọ́ ẹ̀rọ mìíràn bá ti ń sún mọ́lé. Ìmárale kò lè rọ́pò ẹ̀rọ. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí pé ó ń rìn kó wá dín ọjọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ kù.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rárá, dókítà gbọ́dọ̀ ti wo ọkàn náà pẹ̀lú ECG, àyẹ̀wò tó ń fi bí ọkàn ṣe ń lù hàn, kó sì ya àwòrán rẹ̀ tó bá ṣeé ṣe. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ìkọlù ọkàn (heart attack), tàbí tí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó jáde nínú ọkàn rẹ̀ ti fún jù, kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsí àṣẹ.

Ìdí tí a fi kọ lẹ́tà yìí báyìí ni pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó fífọ ẹ̀jẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n yàn yóò wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000. LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta wà lára wọn, Abẹ́òkúta àti UCH Ìbàdàn náà wà níbẹ̀. Inú wa dùn sí i. Ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ torí owó lè wá máa ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ìyẹn nìkan ti sọ ẹrù kúrò lórí ọkàn. Ohun tí a ń bẹ àwọn aláṣẹ fún ni pé kí wọ́n má fi mọ sí ẹ̀rọ. Pẹ́dà kan fún ibùsùn mẹ́rin tó, torí wákàtí méjì àkọ́kọ́ ti àwọn aláìsàn kì í bọ́ sí àsìkò kan náà tí a bá ṣètò rẹ̀ dáadáa. Kí physiotherapist kan máa wà ní yàrá ẹ̀rọ fún wákàtí méjì ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Lóṣooṣù, kí wọ́n ka iye ìgbà tí aláìsàn lè dìde lórí àga láàrin ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n kọ ọ́ sí káàdì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfúnpá àti ìwọ̀n ara. Nọ́ńbà yẹn, tó bá ń lọ sílẹ̀, máa ń sọ fún dókítà pé nǹkan ń bàjẹ́ kí aláìsàn tó ṣubú.

Ti àwa ará Badagry tún ní ìṣòro ọ̀nà nínú. Láti ibí dé Ìdí-Àràbà ju 50 kìlómítà lọ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ìfúnpá rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán kó tó wọ ọkọ̀, kí ẹni tó sìn ín wá sì jókòó tì í. Nínú dánfó, kó máa tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn. Kó má ṣe ìmárale mìíràn lọ́jọ́ náà tó bá délé. Èyí tó bá ṣe lórí ibùsùn ẹ̀rọ ti tó o.

Olóòtú wa, tí àyè kò bá gba gbogbo lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má yọ ìpínrọ̀ tó sọ nípa àwọn ọjọ́ tí kò yẹ. Kí ẹ sì bá wa fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ ẹ́, torí ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó ba kíndìnrín ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a kọ ọ́ fún jẹ́ ti ba ojú wọn jẹ́ pẹ̀lú.

Àwa nọ́ọ̀sì àti physiotherapist kan,
Badagry, Ìpínlẹ̀ Èkó.